Ẹni Tó Ń Ta Báàsì Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Bí ẹ bá ti gbọ́ rédíò ní Èkó láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ orin ìyìn, ìbáà jẹ́ fújì, ìbáà jẹ́ ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìka Tàjùdéèn Fàsásì lẹ gbọ́ nísàlẹ̀ orin náà, tó ń dún gbúùm, gbúùm, tí ẹ ò sì béèrè ẹni tó ni ín. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Àwọn tó gbé orin náà jáde gan-an ò béèrè. Lẹ́yìn páálí àwo, wọ́n á kọ orúkọ olórin, wọ́n á kọ ti ìyàwó olórin, wọ́n á kọ ti pásítọ̀ tó gbàdúrà sí máìkì, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Tó bá wá kan Tàjùdéèn, wọ́n á kọ ọ́ pé "àti àwọn mìíràn."

Sìmíátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ níwájú ilé wọn ní Pápá Àjàó, ti kó irú páálí bẹ́ẹ̀ jọ tó mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí inú bá bí i, "Alàgbà Àwọn Mìíràn" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀.

Orin jáàsì ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn ní tirẹ̀. Fújì àti ọṣẹ ìfọṣọ kàn ń bọ́ ọ ni. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ní Pápá Àjàó níbẹ̀ náà, ibẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì kan láti Yábà sì gbé báàsì onígi ńlá kan wá fún àtúnṣe, irú èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tó ní okùn mẹ́rin. Ọrùn rẹ̀ ti kán. Bàbá tún un ṣe, ó dán an, ó gbé e sí kọ̀rọ̀. Ọdún kan kọjá, ẹni tó gbé e wá ò yọjú. Bàbá ní òun á fi pákó rẹ̀ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Tàjùdéèn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, sunkún títí bàbá fi ní kó máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ì bá wúlò jù ú lọ. Títí bàbá fi kú, kò yí ohùn yìí padà. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn, bí wọ́n bá ti rí Tàjùdéèn tó gbé nǹkan gígùn sínú àpò dúdú kọjá, ṣe ni wọ́n ń dìde ṣàdúrà fún òkú, tí wọ́n á wá béèrè pé ilé ta ló ti ṣẹlẹ̀.

Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Motọ́lání pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé Bàbá Tàjù nìyẹn? Wọ́n ní ẹ mọ iṣẹ́, ẹ kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì, sà."

Motọ́lání ló ń ṣètò eré kan ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Yábà. Ó ní àwo jáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀sán Ọjọ́rùú, tí olóògbé Rótìmí afunfèrè gbé jáde lọ́dún 1989. Nígbà náà lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó rà á. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kan ti rí i báyìí, wọ́n ti tún un tẹ̀, gbogbo ayé sì ń pariwo báàsì tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ta báàsì náà ṣì wà láyé, wọ́n fẹ́ bu ọlá fún un.

Tàjùdéèn jókòó. Òun ló ta báàsì nínú Ọ̀sán Ọjọ́rùú, orin mẹ́jọ, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ní sítúdíò kan ní Sùúrùlérè.

"Ta ni ẹni náà?" ló béèrè.

"Màẹ́sítírò Abọ́dúndé ni, sà. Ṣùgbọ́n oríkèé ọwọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á dúró níwájú pẹ̀lú báàsì, kí ẹ̀yin máa bá wọn ta á lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́."

Abọ́dúndé! Àbúrò ìyàwó Rótìmí. Ohun tí Abọ́dúndé ṣe fún jáàsì lọ́jọ́ náà ni pé ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìlù wá, ó jẹ búrẹ́dì, ó sì sùn lórí àga. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ síwájú báàsì. Lórí àwo yìí, Tàjùdéèn ò tilẹ̀ sí lára àwọn mìíràn.

"Mo gbọ́," ni Tàjùdéèn wí. "Ìgbà wo ni ìdánrawò?"

Nígbà tó sọ fún Sìmíátù, obìnrin náà gbé páálí bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Ameenah, ẹ fẹ́ lọ sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ, kí wọ́n lè máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba orúkọ yín?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ojú ò tì yín!"

Tàjùdéèn ń fi aṣọ nu okùn báàsì rẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé pé láti ọdún márùndínlógójì, kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kí òun tún àwọn orin mẹ́jọ yẹn ta, àti pé òun ì bá ta wọ́n nínú kànga, bí wọ́n bá lè gbé wáyà débẹ̀.

Roqeeb ló ń darí ìdánrawò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé orin gboyè ní yunifásítì, tó wọ ìgò ojú róbótó. Ó kí Tàjùdéèn dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní orin rẹ̀.

"Ẹ má bínú sà, ẹ ti tètè wọlé jù. Nínú orin kẹta, báàsì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fi kọ ìwé àpilẹ̀kọ mi, ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá."

"Lórí ìdákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìjọba ológun ni Màẹ́sítírò fi ń bá wí. Wọ́n ò lè sọ̀rọ̀ síta, ni wọ́n bá fi báàsì dákẹ́ lé wọn lórí."

Tàjùdéèn rántí ìdákẹ́ náà dáadáa. Ó sín ni. Kápẹ́ẹ̀tì sítúdíò yẹn kún fún eruku ọyẹ́, imú rẹ̀ ń yún un láti orin kejì. Nígbà tó kan orin kẹta, ó yí ojú kúrò níbi máìkì, ó fi apá bo imú, ó sín, ó sì sáré padà wọlé. Rótìmí ní kò burú, pé téèpù ti fẹ́ẹ́ tán, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Háà," ni Tàjùdéèn wí. "Ìjọba yẹn burú lóòótọ́."

Ó tún un ta, ó sì dákẹ́ níbi tó yẹ. Roqeeb di ojú, ó mi orí. Ó ní ó dáa, ó ti ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ti Màẹ́sítírò jinlẹ̀ ju báyìí lọ.

Ìgbà náà ni Màẹ́sítírò fúnra rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú ìgò dúdú lójú àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn, títí ojú rẹ̀ fi bá ti Tàjùdéèn. Ẹ̀rín náà kú. Ó ní òun fẹ́ yà sí ilé ìtọ̀, ó sì fi orí sọ fún Tàjùdéèn pé kó tẹ̀ lé òun.

"Tàjù," ló wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "mo rò pé o ti kú."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Abọ́dúndé yọ ìgò ojú. Ojú rẹ̀ ti di ti arúgbó. "Rótìmí ló bi mí níwájú àwọn atẹ̀wé pé kí lorúkọ ẹni tó ta báàsì. Orúkọ rẹ ò tètè sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n kọ tèmi síbẹ̀ ná, pé a máa padà wá tún un ṣe."

"Ọdún márùndínlógójì nìyẹn."

"A ò tíì ráyè ni." Ó di ọwọ́ Tàjùdéèn mú. "Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Ìyàwó tí mo fẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí àwo yẹn ló ṣe gbà fún mi. Jọ̀ọ́, bá mi ta á dáadáa. Má jẹ́ kí ojú tì mí."

Tàjùdéèn wò ó. Ó ti ń retí láti bínú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò dé, bíi pé ó wà lójú ọ̀nà. "Iṣẹ́ ni mo wá ṣe," ló wí.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, gbọ̀ngàn kún. Àwọn òyìnbó jókòó síwájú, àwọn ọmọ Abọ́dúndé jókòó tì wọ́n, pẹ̀lú ìyàwó kejì náà. Wọ́n to fáànù káàkiri, àfi ẹ̀yìn kọ́tìnì nìkan, nítorí wọ́n ní afẹ́fẹ́ á máa mi aṣọ, àṣírí á sì tú. Níbẹ̀ ni Tàjùdéèn dúró pẹ̀lú báàsì rẹ̀, tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń wo iwájú láti ojú ihò kékeré kan.

Orin kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀. Orin kejì tẹ̀ lé e. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà ta báàsì. Àwọn okùn náà ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, pákó ń gbọ̀n mọ́ ọn láyà, ó sì gbàgbé kọ́tìnì, ó gbàgbé ooru, ó gbàgbé pé bàtà rẹ̀ fún un lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú ni ìka Abọ́dúndé tó ń rí láti ojú ihò. Ọkùnrin náà ń fa okùn báàsì tí wọn ò so mọ́ wáyà, bí ẹni tó ń já ewé gbúre.

Orin kẹta dé. Ìdákẹ́ dé. Tàjùdéèn dákẹ́.

Nígbà tó yẹ kó padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn wo ọwọ́ náà, ọwọ́ náà sì wò ó. Onílù wẹ̀yìn. Onídùùrù wẹ̀yìn. Abọ́dúndé ní tirẹ̀ ń já gbúre rẹ̀ lọ, kò sì sí ohùn kankan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Onídùùrù dáwọ́ dúró, onílù dáwọ́ dúró, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òyìnbó kan di ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Obìnrin kan mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó mà jinlẹ̀ o." Omi bọ́ lójú Motọ́lání.

Abọ́dúndé mú ọwọ́ kúrò lára okùn. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé báàsì ti ògiri, ó mú máìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Èmi kọ́ ni mò ń ta á. Èmi kọ́ ni mo ta á nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣe é wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, tí ẹ ò rí i."

 Ni atọ́kùn ètò bá fò sókè pẹ̀lú máìkì kejì: "Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀! Màẹ́sítírò ní àwọn kọ́ o! Wọ́n ní Ọlọ́run tí a ò rí ni!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, ó di halelúyà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí fáànù kan fi ṣubú. Abọ́dúndé ń pariwo pé, "Rárá, rárá, Fàsásì ni mò ń wí!" ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n ti gbá a mọ́ra. Tàjùdéèn gbé báàsì rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Obìnrin kan tó ń darí èrò rọra fọwọ́ kàn án, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ti dí àwọn tó ń ya fọ́tò lọ́wọ́."

Roqeeb nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun mọ ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó wá bá Tàjùdéèn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ, sà?"

"Òótọ́ ni."

"Ìdákẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo sín ni."

"Ìjọba ológun ńkọ́, sà?"

"Eruku ni, ọmọ mi. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò dáa."

Roqeeb jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìwé ìròyìn kan ròyìn ìrẹ̀lẹ̀ Màẹ́sítírò ní ojú ewé méjì. Òmíràn sọ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Táíwò Fásánmí ló ràn án lọ́wọ́. Roqeeb kọ̀wé sí àwọn òyìnbó nípa orúkọ tó wà lára páálí. Wọ́n fèsì tayọ̀tayọ̀ pé àwọn dúpẹ́ gan-an, pé àwọn ti tẹ gbogbo páálí tán, bí àwọn bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn, àwọn á gbé e yẹ̀ wò.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn èyí, Abọ́dúndé dúró níwájú ìsọ̀ Sìmíátù. Ó béèrè Tàjùdéèn. Sìmíátù ò fún un ní àga. Tàjùdéèn ló gbé àga jáde.

"Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi," ni Abọ́dúndé wí, "mo jókòó, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbà. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n?"

"Kọ́ mi. Orin kan ṣoṣo. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo fi báàsì gbayì títí, n ò sì lè ta orin kan."

Tàjùdéèn fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó wọlé lọ gbé báàsì wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ burúkú gbáà ni Abọ́dúndé. Etí rẹ̀ ò mú nǹkan, ìka rẹ̀ le bí igi, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ dé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́rin, á ti jókòó. Ó gbà á ní oṣù mẹ́ta kó tó mọ ìdajì orin kìn-ín-ní, ìdajì náà sì ń wọ́. Àwọn aládùúgbò ní ó sàn kí wọ́n fi igi yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ kan, ó ti ṣi ibì kan náà ta lẹ́ẹ̀kẹẹ̀sán, Tàjùdéèn sì ń wá bí yóò ṣe fi sùúrù sọ ọ́, nígbà tí ohùn Sìmíátù là wọ inú ilé láti ìsọ̀:

"Bàbá Ameenah, ẹ sọ fún wọn pé okùn kejì ni o! Okùn kejì!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Abọ́dúndé gbé ìka rẹ̀ sórí okùn kejì, ó sì fà á.