Òkè Tí A Fẹnu Ara Wa Yàn

Igi irú mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí Òkè Onírú, lẹ́yìn abà tí Ṣàkírát ń gbé nítòsí Ayete. Abẹ́ àwọn igi yẹn ni òun àti àwọn obìnrin abà ti máa ń ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe irú tà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó gun òkè náà, ó sì rí i pé ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kun ìdí gbogbo igi pátá. Wọn ò fo ẹyọ kan.

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì, ó dá ọ̀kadà dúró, ó di ilé Tíṣà.

Tíṣà ni gbogbo abà ń pe Malachi Bámiṣẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń bá àwọn èèyàn ka ìwé tó bá ta kókó.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ló kun àwọn igi wa?"

"Ìyá Làtíífàt, ẹ jókòó ná," ni Tíṣà wí. "Àná ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ilé iṣẹ́ kan láti Èkó fẹ́ wá fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná. Wọ́n á ri òpó gàgàrà mọ́lẹ̀, apá mẹ́ta á wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yí i, iná á sì máa jáde. Òkè Onírú ni wọ́n mú; àwọn igi tí wọ́n máa gé ni wọ́n kùn yẹn. Ìpàdé wà lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní bí a ò bá wí nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé a ti gbà."

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù."

Ṣàkírát ò jókòó mọ́. Tíṣà ti alùpùpù rẹ̀ àtijọ́ jáde, Ṣàkírát gun ẹ̀yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti abà kan bọ́ sí òmíràn. Abà mọ́kànlá ni wọ́n dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n kọ̀, kò sì ní kí wọ́n gbà. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Ẹ ṣáà wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì bá wa dáhùn."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, gbọ̀ngàn kún débi pé ojú fèrèsé làwọn mìíràn ti ń wòran. Dámilọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà tí ilé iṣẹ́ náà rán wá, tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó ń ṣàlàyé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Àbdùlàhí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí oko rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè, fi dìde.

"A ò fẹ́. Kí wọ́n kó òpó wọn padà sí Èkó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣàkírát náà dìde. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun tí Àbdùlàhí sọ lòun náà máa sọ.

"Èmi fẹ́ iná," ó ní. "Ọdún mọ́kànlá ni wáyà ti ń gba orí abà wa kọjá láìfún wa ní nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tó bá lè tanná fún wa, ọ̀rẹ́ mi ni. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹni tí kò mọ orúkọ òkè máa bá mi mú òkè."

Dámilọ́lá rọra dáhùn pé, "Màmá, kọ̀ǹpútà ló fi hàn wá pé Òkè Onírú ni afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù."

"Ṣé kọ̀ǹpútà yín ti gun Òkè Apárí rí?"

Ẹ̀rín sọ. Dámilọ́lá náà rẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an ò tíì gùn ún rí, mà. Ẹ mú mi lọ."

Wọn ò dúró dọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, bí ọgọ́ta èèyàn tẹ̀ lé wọn. Àpáta lásán ni Òkè Apárí, igi kì í hù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi dáko. Bí wọ́n ṣe yọrí sókè, afẹ́fẹ́ já fìlà lórí Dámilọ́lá, ó gbé e lọ sí ìhà Ìdèrè. Ọmọbìnrin náà ò wẹ̀yìn. Ó ti na ẹ̀rọ kékeré tó fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré sókè, ojú ẹ̀ ò sì kúrò lára rẹ̀.

"Mítà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan," ó ní. "Mẹ́fà. Mẹ́fà ààbọ̀."

Àwọn èèyàn ń sún mọ́ ọn. Nígbà tó pe méje, wọ́n bá a pè é. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Ṣàkírát pa ẹnu dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́," ni Dámilọ́lá wí nígbà tó yá. "Ọ̀sán kan ò tó fi mọ bí ọdún kan ṣe rí. A ní láti ri òpó ìwọ̀n afẹ́fẹ́ síbí fún oṣù méjìlá. Mi ò sì rò pé ọ̀gá mi á gbà."

Lóòótọ́, ọ̀gá rẹ̀ ò gbà. Ó ní àfi Òkè Onírú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á wá ilẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ni àwọn abà bá dá ìpàdé tiwọn sí pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé. Tíṣà ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ohun tó bá fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá tò sẹ́yìn Àbdùlàhí. Ẹni tó gba Òkè Onírú tò sẹ́yìn igi máńgòrò. Ẹni tó fẹ́ Òkè Apárí, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn ò ní ri ohunkóhun mọ́lẹ̀ níbikíbi láìjẹ́ pé ìpàdé abà fọwọ́ sí i, tò sẹ́yìn Ṣàkírát.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nídìí máńgòrò. Ogójì tò ti Àbdùlàhí. Ìlà Ṣàkírát gùn kọjá ọgbà ilé ìwé, ó yí dé ojú ọ̀nà. Àbdùlàhí fúnra rẹ̀ ló kà á: igba ó lé mẹ́rìnlá.

"Ó dáa," ó wí, ó sì bọ ọwọ́ Ṣàkírát. "Ẹ ti borí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń kọ àdéhùn yẹn, èmi ni n ó jókòó ti akọ̀wé."

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò gbọ́ nǹkan kan láti Èkó. Àwọn kan ti ń sọ pé Ṣàkírát ti lé oríire lọ, òun náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ lè jẹun. Ní ọjọ́ kọkànlá, fóònù rẹ̀ dún.

"Màmá, wọ́n ti fọwọ́ sí i," ni Dámilọ́lá wí. "Gbogbo rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Ṣàkírát na fóònù sí Tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sáré láti ojúlé dé ojúlé láti ròyìn rẹ̀.

Òpó ìwọ̀n náà dúró lórí Òkè Apárí fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí èsì dé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dín díẹ̀ sí ti Òkè Onírú, ṣùgbọ́n ó tó. Òpó mẹ́fà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rì, abà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló sì ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tó ń sọ ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ máa gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará Ìdèrè ránṣẹ́ pe Ṣàkírát. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń wo òkè tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kó wá sọ bí òun àti àwọn ará abà rẹ̀ ṣe ṣe é. Ó ti fọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Àbdùlàhí ní òun á bá a lọ, nítorí pé òun lòun mọ àdéhùn náà lórí.