Kí Bọ́ọ̀lù Tó Gbéra

Nígbà tí wọ́n dárúkọ iye owó ẹ̀rọ géèmù náà, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn káwọ́ lérí, ẹlòmíràn pòṣé, bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tilẹ̀ dìde bí ẹni tó fẹ́ máa relé. Ẹni méjì péré ni kò lanu. Èkíní ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó so táì pupa mọ́rùn, tó dúró ti ẹ̀rọ náà níwájú. Èkejì ni Sẹ̀gilọlá, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí èrò ti há mọ́ ara ògiri. Ibi tí èrò ti ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn náà ni ojú àwọn méjèèjì ti ṣe mẹ́rin.

Àyà Sẹ̀gilọlá já. Ó ti ka irú rẹ̀ nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn ò purọ́. Ohun tí ìwé kàn kò sọ fún un ni pé ojú lè wu ènìyàn báyìí, kí inú sì tún máa bí i sí olójú.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà! Ìyá Sẹ̀gilọlá, tó jẹ́ tíṣà ní Surulere, yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko láìjẹun, láìwọkọ̀, kó tó lè ra ọ̀kan.

Ọdún 1996 ni, lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábàá. Jeffrey Ìbíkúnlé ni orúkọ ọlọ́táì pupa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta tó ń kó ẹ̀rọ géèmù wọ̀lú ló rán an wá. Ẹ̀rọ méjì ló gbé sórí tábìlì. Dúdú, olówó ńlá yẹn, lágbára bí erin, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán ló sì ń lò. Funfun kò lágbára tó o, kàsẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti dúdú. Àwọn tó ń ṣe wọ́n lókè òkun ti ní ọ̀kan ṣoṣo làwọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà láti ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn onílé géèmù Èkó kọ lẹ́tà, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́.

"Ẹ wo ojú agbábọ́ọ̀lù yìí," Jeffrey ní, ó tan dúdú, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wo òógùn níwájú orí rẹ̀! Ohun tí géèmù máa dà lọ́la nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó dáa, á sanwó tó dáa."

Sẹ̀gilọlá dìde, ó nawọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn."

"Kí ló dé, Sísì?"

"Ẹ ṣáà tún un tàn. Mo fẹ́ ka nǹkan ni."

Jeffrey rẹ́rìn-ín, ó pa á, ó tún un tàn. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Kó tó dé ẹ̀wá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń bá a kà á. Nígbà tó dé ogún, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó pé ogójì, ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ fún un lómi mu, ó ti dákú!" Ó di mẹ́tàdínláàádọ́ta kí bọ́ọ̀lù tó gbéra.

"Ẹ̀gbọ́n," Sẹ̀gilọlá ní, "níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni bọ́ọ̀lù kan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń sanwó, á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Ta ni yóò wá sanwó ìdúró? Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ó tún kà á. Òógùn tí ẹ fi kún ojú agbábọ́ọ̀lù yẹn, àwa la máa là á!"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Jeffrey kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n kò mójú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gá Ògúntádé, tó ni ilé géèmù tí Sẹ̀gilọlá ń bójú tó, fà á láṣọ wálẹ̀.

"Sẹ̀gi, jókòó! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Sẹ̀gilọlá kò jókòó.

Ọjọ́ Ajé ni ìdí ìbínú ọ̀gá rẹ̀ tó hàn. Wọ́n ti ṣèlérí fún un ní Èbúté Mẹ́ta pé tí dúdú bá fi lè wọlé, òun nìkan ni yóò máa tà á ní gbogbo Surulere. Ó gbé bébà síwájú Sẹ̀gilọlá. "Ọwọ́ ìwé rẹ dáa. Kọ ọ́ pé gbogbo oníbàárà wa ló fẹ́ dúdú."

"Ọ̀gá, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o kọ ọ́ ni, mi ò ní kí o bi wọ́n."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá ẹlòmíràn kọ ọ́."

Ògúntádé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé kéékèèké tí ò ń kà yẹn ti yí ẹ lórí. Ṣé ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà. Ẹ ò ni ẹnu àwọn oníbàárà."

Ọ̀gá rẹ̀ pòṣé, ó mú kálámù, ó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ní bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Jeffrey yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tòun ti táì pupa rẹ̀. Ó ní òun wá wo ibi tí wọ́n ti ń ka òǹkà. Sẹ̀gilọlá mú ojú le koko. Ó ní kó jókòó, kó gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn yòókù. Ẹni tó kàn ní ìdí ẹ̀rọ ni Àǹtí Sìdíkàt, aránṣọ òdìkejì títì, tí ọkùnrin tó lè nà án ṣọ̀wọ́n ládùúgbò náà. Góòlù mẹ́rin sí òdo ló fi sin Jeffrey jáde.

"Bọ̀dá onítáì, ẹ sanwó," Sìdíkàt ní.

"Èmi? Èmi tí mò ń tà á?"

"Ẹ tà á lọ́hùn-ún. Níbí, ẹ ti jẹun, ẹ sanwó oúnjẹ."

Jeffrey sanwó, ó dìde, ó wo èrò tó yí ẹ̀rọ àtijọ́ náà ká. "Ènìyàn mélòó ló ń lò ó lójúmọ́?"

"Nǹkan bí ọgọ́ta," Sẹ̀gilọlá dáhùn. "Ó ti di ọdún márùn-ún tó ti wà níbí."

Jeffrey ń yí pààdì tó fi gbá géèmù lọ́wọ́. "Nínú ìwé tí mo kọ sókè òkun, mo ní ẹ̀rọ kan, ilé kan."

"Ẹ ti ṣì í kọ. Ẹ̀rọ kan, àdúgbò kan ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Jeffrey ní, ojú rẹ̀ tún tàn. "Tó bá jẹ́ àdúgbò ló ń rà á, ṣé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì wá pọ̀ jù fún odindi àdúgbò?"

"Àdúgbò kọ́ ló ń rà á. Ọ̀gá mi ló ń rà á, a ó sì gbé ẹrù rẹ̀ ka àdúgbò lórí. Náírà mẹ́wàá ni Àǹtí Sìdíkàt ń san lónìí tí wọ́n bá nà án. Tó bá di ọgbọ̀n, ṣé wọ́n á tún jókòó síbí?"

"Kí ni mo fẹ́ wá?" Sìdíkàt dá sí i. "Kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi?"

Jeffrey sún mọ́ Sẹ̀gilọlá. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nítorí náà, ẹ̀rọ tí kò lágbára lo fẹ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ohùn tirẹ̀ kò rọ̀. "Ẹ má fojú ẹni tó ń jẹ àjẹkù wò wá. Agbára wù wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi síbi tó ti wúlò. Kí wọ́n gba òógùn ojú agbábọ́ọ̀lù padà, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe ihò pààdì mẹ́rin, kí ẹni mẹ́rin lè gbá a lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ̀rọ rántí ibi tí a dé tí iná bá lọ. Kó tàn, kí bọ́ọ̀lù sì gbéra. Ẹni tó bá lè ṣe èyí ní owó tí apá wa ká, òun ló lágbára lójú tèmi."

Ọwọ́ wọn kan ara wọn lórí pààdì tí Jeffrey fẹ́ dá padà. Kò sẹ́ni tó tètè mú ọwọ́ kúrò nínú wọn.

"Mi ò tíì gbà fún ẹ o," Jeffrey ní.

"Mi ò sì bẹ̀ yín."

"Kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, lẹ́tà ni wọ́n ń kà. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mò ń dì wọ́n sínú àpò. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà, ó parí."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Sẹ̀gilọlá kọ kò dáa. Ẹyinjú Jeffrey pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ó fà á ya. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó tún yà bàrá sí ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn náà, ó fà á ya, nítorí kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan láti bẹ ẹnikẹ́ni. Ìkẹta ló gún, gbogbo ohun tó sọ fún Jeffrey nínú ṣọ́ọ̀bù ló tò síbẹ̀. Lẹ́yìn tirẹ̀, Sìdíkàt ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni èèyàn méjìdínláàádọ́ta tò tẹ̀lé e, oníṣẹ́ ìjọba, mẹkáníìkì, títí dé káńsílọ̀ kan tí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tó ń yà sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì Èbúté Mẹ́ta kún fún onílé géèmù, kálukú pẹ̀lú àpò ìwé tirẹ̀. Jeffrey jókòó sẹ́yìn tábìlì, àpò lẹ́tà aláwọ̀ eérú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògúntádé ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe yíjú padà tó rí Sẹ̀gilọlá lẹ́nu ọ̀nà, ó dènà fún un.

"Kí lo mú lọ́wọ́?"

"Lẹ́tà ni, sà."

"Orúkọ ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Tèmi ló ṣíwájú, sà. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín."

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí wọn. Ògúntádé rẹ ohùn sílẹ̀, èyí sì burú ju igbe lọ. "Sẹ̀gi, gbọ́ mi dáadáa. Tí ìwé yẹn bá kúrò lọ́wọ́ ẹ, má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la. Má wá láéláé."

Sẹ̀gilọlá ronú kan ìyá rẹ̀. Ó ronú nípa oṣù tó ń bọ̀, nípa bí iṣẹ́ ṣe wọ́n bí ojú nílùú. Ó mọ̀ pé Jeffrey ń wo òun. Nínú àwọn ìwé rẹ̀, ibí yìí ni ọkùnrin ti máa ń dìde wá gba obìnrin sílẹ̀. Jeffrey fẹ́ dìde lóòótọ́. Sẹ̀gilọlá mi orí sí i pé kó jókòó.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò nídìí okùn báàgì rẹ̀, ó fi í lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun fún ọdún mẹ́ta, sà. Jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ ọ́ìlì."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rìn dé iwájú tábìlì, ó sì na lẹ́tà náà sí Jeffrey ní ìṣojú gbogbo wọn. Jeffrey fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì fi í sínú àpò aláwọ̀ eérú náà.