Ọjọ́ Tí Àlàájì Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò

Kí wọ́n tó so yìgì Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, ni mọ́tò ti wà lọ́wọ́ Àlàájì Mọ̀núrù. Títí di òní, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ṣùgbọ́n dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ti ń yọ́ wọ̀ ọ́ lórí. Kò tíì le, àmọ́ kí wọ́n dán an wò lójú títì kó má baà lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun kan ni Àdìjátù ń rò. Bí Àlàájì bá fìdí rẹmi, ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́? Ní agboolé wọn ní Pópó Àgùdà, a kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà. Títọrọ là ń tọrọ, lórí ìkúnlẹ̀.

Yéwándé, ẹni tó wá dán an wò, jókòó níwájú nínú mọ́tò ìdánwò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì, bíréèkì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Àdìjátù wà lẹ́yìn, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Ní Marina, Àlàájì wà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ilé yín," Yéwándé wí.

Àlàájì yà sọ́tùn-ún bó ti máa ń yà látìgbà èwe rẹ̀. Ìjọba sì ti yí ọ̀nà yẹn padà tipẹ́, àwọn tó ń bọ̀ nìkan ló ń gbà á. Ni mọ́tò bá ń dà bọ̀ lójú wọn. Yéwándé tẹ bíréèkì.

"Bàbá, ṣé inú mọ́tò tèmi lẹ fẹ́ wọ̀ ni?" awakọ̀ kan bèèrè lójú fèrèsé.

Wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àdìjátù ń retí ìbínú. Àlàájì bojú wẹ̀yìn wo Àdìjátù.

"Ìyá Jemilat, o rí i?"

"Mo rí i, Àlàájì."

"Kì í ṣòní ló bẹ̀rẹ̀. Ṣebí ẹ ń bi mí ìdí tí mo fi ń tètè jáde lọ kí Jímọ̀? Kí n lè ráyè ṣìnà ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń retí kí ẹnìkan tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ ò tọrọ."

Àdìjátù sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, ó tẹ́wọ́ méjèèjì. "Mo tọrọ rẹ̀, olówó orí mi."

Àlàájì yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì wá jókòó tì í lẹ́yìn. Yéwándé bọ́ sídìí ọkọ̀.

"Ibi tó dùn tó báyìí lo ń jókòó látọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi," Àlàájì wí fún Àdìjátù.

"Ẹ ò bi mí."

Ni orin bá bọ́ lẹ́nu Àdìjátù:

*Ọlọ́kọ̀ dé, kò fọwọ́ kan ọkọ̀,*
*Ẹ̀yìn la wà, ilé là ń lọ.*

Kí wọ́n tó dé Pópó Àgùdà, Àlàájì ti ń gbè é.