Àgùntàn tí Ń Dúró De Òru Gígùn

Oyèṣọlá kórìíra Akínlẹ́yẹ dé inú eegun. Akínlẹ́yẹ náà mọ̀, kò sì kà á sí. Oko kòkó rẹ̀ ni Ọ̀ṣúndé, ọkọ Oyèṣọlá, ń ro láti ìgbà tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìdànrè, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Ìgbàkúùgbà tó bá wù ú ló lè ní kí wọ́n kó ẹrù wọn.

Àgùntàn òyìnbó ló dá ìjà sílẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ta abo náà fún Akínlẹ́yẹ ní Àkúrẹ́, ẹran gàgàrà tí irun bò délẹ̀. Akínlẹ́yẹ fà á fún Oyèṣọlá pé kó máa bá òun sìn ín, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é: ọmọ àkọ́kọ́ di ti ẹlẹ́ran, èkejì di ti ẹni tó ń sìn ín. Ọmọ kejì yẹn ni Oyèṣọlá gbójú lé. Ẹran kan á di méjì, á di agbo, ọkọ rẹ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ oko olóko.

Àgùntàn ilé wa kì í wo ojú ọjọ́ kó tó gba akọ. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, wọ́n ń bímọ ṣáá. Ti òyìnbó yìí jẹ koríko, ó jẹ èèpo iṣu, ó yó bámúbámú, kò bí nǹkan kan. Àgbò gíga tí àwọn Hausa dà wá láti òkè Ọya ń tẹ̀lé e kiri, ó ń sá fún un.

Nígbà tí ọdún yípo, Akínlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọmọ ẹran. Kó má baà lé wọn jáde, Oyèṣọlá ní ẹran náà ti lóyún. Irọ́ gbuu ni. Nígbà tí oyún ò di ọmọ, baba náà ń pariwo kiri àdúgbò pé ará Ọ̀yọ́ tí òun gbà sílé ti ta ọmọ ẹran òun fún alápatà ní Ọ̀wẹ̀nà. Àwọn tó ń kí Oyèṣọlá lódò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí olè.

Felix, ọmọ ẹ̀gbọ́n Akínlẹ́yẹ, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹran ní Àkúrẹ́, ló wá wo àgùntàn náà.

"Ìyá, kò yàgàn," ó wí. "Níbi tó ti wá, bí òtútù bá ń bọ̀, ọ̀sán á máa kúrú, òru á máa gùn. Ojú rẹ̀ ló ń rí i, ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣírò rẹ̀. Bí òru bá ti gùn tó, ọpọlọ á tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje yẹn ló ń jẹ́ kó fẹ́ akọ. Níhìn-ín, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Ohun tí kò ní dé ló ń retí."

"Kí ni ká wá ṣe, ọ̀gá?"

"Ẹ tan ọpọlọ rẹ̀ jẹ. Kí oòrùn tó rọlẹ̀ rárá, ẹ tì í mọ́ inú òkùnkùn títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Felix sọ ọ́ fún Akínlẹ́yẹ náà. Baba ní ìwé ti da ọmọ náà lórí rú.

Oyèṣọlá fi amọ̀ dí gbogbo ihò ahéré ẹ̀yìnkùlé, ó fi ẹní bo ojú fèrèsé. Lójoojúmọ́, bí ọmọdé ṣe ń dé láti iléèwé, ó ti ń fa ẹran wọlé. Ìran gbáà! Àwọn ará àdúgbò ní ó ń bọ nǹkan níbẹ̀. Ó gbọ́, ó di eyín, ó ń tilẹ̀kùn rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, àgùntàn fúnra rẹ̀ ló ń wá àgbò kiri. Ìgbà tó yá, ọmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: irun bo ikùn rẹ̀, Oyèṣọlá nìkan ló ń fọwọ́ kàn án tí nǹkan ń yí nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akínlẹ́yẹ mú alápatà dání, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ahéré wọlé.

"Kí lo ń bọ nínú òkùnkùn, obìnrin yìí? Kí n tó mọ̀, wàá ti ta ìyá tẹ̀lé àwọn ọmọ. Fà á jáde!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pa á. Ó lóyún."

"Oyún èṣí ńkọ́? Ta lo ta ọmọ rẹ̀ fún?"

Oyèṣọlá dì mọ́ ọrùn ẹran. Irọ́ ara rẹ̀ ló dí i lẹ́nu. Ọ̀ṣúndé sáré dé láti ìta, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Fi í sílẹ̀, ilé wọn la wà." Lọ́jọ́ yẹn, ó kórìíra ọkọ rẹ̀ náà.

Wọ́n dúńbú ẹran níbẹ̀. Alápatà la ikùn rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀. Irun ti hù lára wọn, ojú wọn ò tíì là. Ó tẹ́ wọn sórí ewé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wá wòran bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Oyèṣọlá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọkọ. Ó tú gèlè, ó fi di ọmọ kan, ó gbé e mọ́ àyà.

"Èyí ni tèmi," ó wí. "Àkọ́bí nìyẹn, tiyín ni. Ẹ gbé e, Bàbá."

"Obìnrin yìí, kúrò níwájú mi."

"Ẹ gbé e."

Kò kúrò. Gbogbo àdúgbò ń wò wọ́n títí Akínlẹ́yẹ fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé e.