Irin Tó Dán Kọjá Ibi Tí Kẹ̀kẹ́ Ń Dé

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ní ẹ̀ka ojú irin tirẹ̀ ní abúlé wa: ti bíríkì, ti ìyẹ̀fun àti ti pákó. Rélùwéè ti hú méjì. Òfin wọn kò lọ́jú pọ̀: bí ọkọ̀ ẹrù kò bá wọ ẹ̀ka kan fún ọdún kan gbáko, wọ́n á hú u. Ti pákó ló kù. Àbúrò mi ló ni ín. Bí wọ́n bá hú u, iṣẹ́ rẹ̀ parí, torí lọ́rì máa ń rì lọ́nà wa nígbà òjò.

Lọ́dún náà, ọjà kú. Ọkọ̀ ẹrù kankan kò wọlé. Nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀gá tó ń yẹ ojú irin wò ń bọ̀, àbúrò mi kó òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ. Wọ́n fi iyanrìn ha irin tó ti dógùn-ún fún ọjọ́ méjì, títí ó fi ń kọ mànà bí èyí tí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́.

Ọ̀gá náà dé. Ó rìn dé òpin, níbi tí igi ìdínà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ó yọjú wo ẹ̀yìn igi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Onípákó, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ wo ló fo igi yìí?"

Wọ́n ti ha irin náà kọjá igi ìdínà, dé ibi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé.

"Ewúrẹ́ ló máa ń sùn síbẹ̀, ọ̀gá," ni àbúrò mi wí.

"Ewúrẹ́ wo ló fi iyanrìn ṣe irun?"

Ó kọjú sí mi. "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́ rí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣé ọkọ̀ wọ ibí lọ́dún yìí?"

Àbúrò mi ń wo ẹnu mi. Ọmọ ìyá kan ni wá.

"Kò wọ̀ ọ́," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọdún pé. Ó lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà. Di ẹrù."

"Ẹrù wo? Ta ló rà á?"

"Pákó òrùlé ilé rẹ ńkọ́?"

Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ́ ilé náà. Òrùlé nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkọ̀ ẹrù wọlé. Èmi àti òun la di pákó òrùlé náà sínú rẹ̀, kí wọ́n lọ tà á lówó pọ́ọ́kú. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wá.

Wọn ò hú irin náà. Ilé náà kò ní òrùlé; ọ̀dọ̀ mi ni tọkọtaya náà ń gbé báyìí. Ìyàwó rẹ̀ kì í kí mi láàárọ̀.