Àǹtífáírọ́ọ̀sì tí Dìran Gbé Wọlé

Bí a bá ń ka àwọn ọkọ rere ní àdúgbò Aké ní Abẹ́òkúta, a ó ka Dìran Ṣówándé mọ́ wọn. Kì í mutí, kì í lu ìyàwó, kì í sì í jẹ́ kí ebi pa ará ilé rẹ̀. Ìdájí ló ń jí láti wọ ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé ní Ìkẹjà, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń padà, tòun ti ìpékeré tó rà lójú ọ̀nà fún Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ó ń jowú. Owú tirẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ń pariwo lójúde. Ṣe ló máa ń dákẹ́, tí inú rẹ̀ á sì máa ho bí ọbẹ̀ tí wọ́n dé lómọrí.

Aláró ni Adébímpé, ìyàwó rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n kì í fi ìyẹ́ adìẹ ya aṣọ bíi ti àwọn àgbà. Orí láptọ́ọ̀pù ló ti ń ya bátànì rẹ̀. Tó bá yà á tán, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á gé e sára ike pẹlẹbẹ, á wá gba ojú ihò rẹ̀ fi ẹ̀kọ láfún kun aṣọ kó tó rì í sínú aró. Bátànì tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn lé ní igba. Àwọn obìnrin Ìtòkú máa ń sọ pé láptọ́ọ̀pù tí Adébímpé ń tọ́jú ọgbọ́n rẹ̀ sí wúwo ju orí rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni láptọ́ọ̀pù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Adébímpé gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe wọlé ni ọkùnrin náà pariwo, "Ṣẹkitírì!" Àṣé Tawheed ni, tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí Adébímpé jẹ́ akọ̀wé kíláàsì wọn.

Ọjọ́ kẹta, Tawheed gbé láptọ́ọ̀pù náà wá sílé fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, Dìran sì wà ní pálọ̀.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n," ni Tawheed wí, ó sì tẹrí ba. "Ṣẹkitírì ńkọ́?"

Dìran ò tètè mọ ẹni tó ń béèrè. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ Adébímpé, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Adébímpé jáde wá, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Tawheed ṣí láptọ́ọ̀pù náà, ó fi hàn án bó ṣe ń yára. Ó ní òun ti da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí díìsìkì kékeré kan, ó sì fi díìsìkì náà lé e lọ́wọ́.

"Àǹtífáírọ́ọ̀sì wo lo fi sí i?" ni Dìran béèrè láti orí àga.

"N kò fi ìkankan sí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ṣọ́ kan tó ń lé fáírọ́ọ̀sì ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá, ó sì tó o. Kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa ra òmíràn. Kí Ṣẹkitírì ṣáà máa gbà fún un nígbàkigbà tó bá ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe. Kó má ki fláàṣì onífláàṣì bọ̀ ọ́, kó má sì tẹ ohun tí kò mọ ibi tó ti wá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí díìsìkì yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olè lè gbé láptọ́ọ̀pù, omi aró lè dà sí i. Kò sí àǹtífáírọ́ọ̀sì tó ń dáwọ́ olè dúró."

"Níbi iṣẹ́ tiwa, kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní èyí tí wọ́n fowó rà."

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Ọgọ́rùn-ún èèyàn lè wà níbẹ̀, kí oníkálùkù máa tẹ ohun tó wù ú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo èyí."

Adébímpé bú sẹ́rìn-ín. "Tawheed, o ò tíì yíwà padà. Bó o ṣe máa ń ṣàlàyé fún tíṣà fisíìsì títí tí aago fi máa lù nìyẹn!"

Tawheed náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé Adébímpé fi ọwọ́ aró nu ojú. Dìran wò wọ́n. Ẹ̀rín náà dà bí yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sì sí kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ dárúkọ ọkùnrin náà. Tí wọ́n bá ń jẹun, "Tawheed ní kí n má fi sí ojú oòrùn." Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, "Tawheed ní ìyàwó òun bímọ." Ó yẹ kí ti ìyàwó tó bímọ yẹn tù ú lára, ṣùgbọ́n kò tù ú. Ó máa ń wo ojú Adébímpé tó bá tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù, á sì máa rò ó pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ti kan gbogbo bọ́tìnnì tí ọwọ́ ìyàwó òun ń kàn.

Ní ibi iṣẹ́, ó ro ẹjọ́ náà fún Ọbáfẹ́mi tí tábìlì wọn kọjú síra. Kò sọ ti owú o. Ohun tó sọ ni pé oníṣẹ́ kan ní láptọ́ọ̀pù kò nílò àǹtífáírọ́ọ̀sì.

"Olówó pọ́ọ́kú ni," ni Ọbáfẹ́mi wí. Ó yọ fláàṣì kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. "Ògidì àǹtífáírọ́ọ̀sì ló wà níhìn-ín, èyí táwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Ẹnì kan ti bá wa já àgádágodo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Adébímpé mú ọmọ dání lọ sí Ìtòkú, ó sì fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì. Dìran ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Bó ti tẹ̀ ẹ́ ni kọ̀ǹpútà náà figbe ta pẹ̀lú àmì pupa: ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí yìí léwu. Ìwé kékeré kan sì wà nínú fláàṣì náà tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà.

Ọwọ́ Dìran dúró. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé àlejò tó bá ní kí a so ajá wa mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn Tawheed ló ń gbọ́ létí: "Ó tó o." Ta ló fún un láṣẹ láti sọ ohun tó tó nínú ilé onílé? Ó pa ẹ̀ṣọ́ náà. Ó fi tirẹ̀ sí i. Àwòrán apata aláwọ̀ ewé kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń tàn yanran, inú Dìran sì dùn bí ẹni tó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù rẹ̀ dún níbi iṣẹ́. Ẹkún ni Adébímpé ń sun.

"Bàbá Ìyìn, gbogbo bátànì mi ti lọ! Orúkọ wọn ti yí padà, ìkankan ò ṣí. Wọ́n kọ lẹ́tà kan sójú ẹ̀ pé kí n sanwó kí n tó rí wọn gbà. Ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn wà níbẹ̀, gbogbo mọ́kànlá!"

Dìran mọ̀ nípa òtẹ́ẹ̀lì náà. Láti Èkó ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ aṣọ fèrèsé wọn fún un, iṣẹ́ tó tóbi jù tó tíì rí. Ó rántí fláàṣì Ọbáfẹ́mi, ẹ̀rù sì bà á.

"Tawheed ló fa èyí," ni Adébímpé wí. "Òun ló ní kò sídìí láti ra àǹtífáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú nìyí: lójú ẹsẹ̀, nínú ìbẹ̀rù yẹn, ohun kan dùn mọ́ Dìran nínú. Ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ "ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀" lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló fi dá a lóhùn.

Tawheed wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó jókòó ti láptọ́ọ̀pù náà, kò ṣe àwàdà kankan. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fi ohun tuntun sí i. Adébímpé ní rárá. Ó yíjú sí Dìran. Dìran náà ní rárá.

Tawheed tún tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíràn. Ó tẹjú mọ́ ìlà kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo Dìran. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣe ló wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn láàárín ọjà. Dìran mọ̀ pé ó ti rí i: ọjọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fọwọ́ pa.

"Ẹ̀bi mi ni," ni Tawheed wí. "Ó yẹ kí n ti padà wá wò ó. Màá nù ún mọ́, màá sì dá èyí tó wà lórí díìsìkì padà sí i. Àwọn tó o yà lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó ò tíì dà kọ, nìkan ni kò ní sí."

"Àwọn yẹn gan-an ni mo nílò!" Adébímpé yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má pè mí ní Ṣẹkitírì mọ́."

Tawheed sọ pé ó dáa, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà, ó jáde. Ohun tí Dìran ń wá ló rí yìí. Síbẹ̀, kò dùn mọ́ ọn. Owú tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti ẹ̀rín ni. Ní báyìí, ó ń jowú ọkùnrin náà nítorí pé ó ṣe ohun tí òun ò lè ṣe: ó bo àṣírí ẹni tó ń bà á jẹ́.

Ó fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi dákẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, bó ti ń bọ́ bàtà, Adébímpé ń sá aṣọ tútù sórí okùn ní àgbàlá.

"Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo aláró ní Ìtòkú," ló wí. "Àfúsá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ fún Tawheed, mo ní kó má dán an wò. Mọ́níkẹ́ náà ti lọ gba tirẹ̀ padà. Ọkùnrin yẹn ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe irú rẹ̀ mọ́."

Dìran dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó rántí pé ìyàwó Tawheed ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀: fláàṣì Ọbáfẹ́mi, àmì pupa, ẹ̀ṣọ́ tó pa. Adébímpé ò pariwo. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ro omi aró sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbé e kúrò.

"Tawheed mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó rí i lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ sì jẹ́ kí n bú u lójú yín. Kí ló ṣe yín, Bàbá Ìyìn?"

Dìran wá èsì tó jọ ti àgbàlagbà, kò rí. "Ó ń mú ọ rẹ́rìn-ín," ló wí.

Adébímpé wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ̀yin náà máa ń mú mi rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró?"

Lówùúrọ̀ Sátidé, Adébímpé ní kí Dìran wọṣọ. Wọ́n jọ lọ sí Ìtòkú, ó sì mú un káàkiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Níwájú Àfúsá, níwájú Mọ́níkẹ́, níwájú àwọn ìyá àgbà tó ti ń pè é ní ọkọ rere láti ọjọ́ yìí wá, Dìran fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ba láptọ́ọ̀pù náà jẹ́, pé Tawheed ò mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn kan káàánú rẹ̀. Àfúsá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé fáírọ́ọ̀sì náà ní ìrùngbọ̀n!" Gbogbo ìsọ̀ sì hó. Dìran gbé e mì.

Láti ibẹ̀ ó dá nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tawheed. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Tawheed yára mú un léjìká.

"Kí ló dé tó ò fi tú mi fó?"

"Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò ti fọ́." Tawheed fún un ní àga. "Kí n má parọ́ fún yín. Nígbà tá a wà níléèwé, mo kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i rí."

Dìran sún àga mọ́ ọn. "Kí ló sọ?"

"Ó dá a padà. Ó ti fi bírò pupa ṣe àtúnṣe gbogbo gírámà mi, ó sì fún mi ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dìran kó tó mọ̀. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owú náà ò tán. Ó ṣì tún ta á bí abẹ́rẹ́ nígbà tó ń lọ sílé, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò bá òun ṣe àtúnṣe lẹ́tà rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó mọ ohun tó ń ta á báyìí, kò sì wá ohun tí yóò fi gún ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Adébímpé fi tún bátànì mọ́kànlá náà yà. Òtẹ́ẹ̀lì náà ò dúró dè é tán. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ìdajì fún aláró mìíràn ní Òṣogbo. Ẹ̀ṣọ́ tó bá láptọ́ọ̀pù wá nìkan ló wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí, kò sì sí Sátidé tí Adébímpé kì í da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí díìsìkì. Ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun ti láptọ́ọ̀pù náà pa. Tawheed ò mọ̀ ọ́n. Dìran náà ò mọ̀ ọ́n, kò sì tíì rí ojú tí yóò fi béèrè.