Ojú Màmá Lórí Páálí

"Imú yìí ti tóbi jù. Màmá ò ní irú imú báyìí."

"Ó ní i!"

"Mo ní kò ní i. Ìwọ Kékeré, kí lo mọ̀? Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà yẹn."

Kékeré fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí, bí ẹni pé Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ jí i gbé. Lára àwòrán obìnrin kan tó ń polówó ọṣẹ ló ti gé e. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó lè jáde, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì ti tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ káàkiri pálọ̀ débi pé kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Bàbá wọn ló kó àwọn ìwé náà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ ni. Ìwé tí àwọn oníbàárà máa ń ṣí wò nígbà tí wọ́n bá ń dúró kí kílípà kàn wọ́n ni, pẹ̀lú káláńdà ògbólógbòó kan tí wọ́n ya oríṣiríṣi orí sí kí èèyàn lè yan irun tó wù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gé wọn, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí wọ́n fi ṣe àwòrán ilé wọn. "Ẹ ṣáà má pariwo mọ́ mi létí," ló wí. Ó rò pé òrùlé àti fèrèsé ni wọ́n máa gé. Kò mọ̀ pé ará ilé ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀.

Òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Orí rẹ̀ wá látinú káláńdà, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti agbábọ́ọ̀lù kan.

"Ẹ gbà mí o!" Ìyá Aláṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ń ta aṣọ, tí òjò dá dúró síbẹ̀. "Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn, ẹ wá fún un lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé orí ìyá wọn, ẹ̀rín sì dá.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìyá wọn ti kú, kò sì sí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo lára ògiri. Ìyá Aláṣọ ló yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin òkú. "Bí wọ́n bá ń rí i, wọn ò ní yé sunkún," ló sọ nígbà náà. "Jẹ́ kí ọmọ gbàgbé." Bàbá ò jà á níyàn. Òun alára ò lè wò ó. Ó gba àwọn àwòrán náà, ó dì wọ́n sínú báàgì, ó tì í sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá!" Àgbà ké pè é. "Ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ yìí o. Imú wo ló jọ ti Màmá?"

Àgbà ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá kì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ń bi í léèrè iṣẹ́ iléèwé, kílípà tó ń nù ni yóò máa wò. Bí ọmọ náà bá gbé oúnjẹ fún un, inú àwo lojú rẹ̀ máa ń wà. Àgbà ti kíyè sí i tipẹ́. Kò sọ fẹ́nì kan.

Kékeré to imú mẹ́ta sórí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá fi ọdún kan gbáko sá lọ, bó bá padà dé, ó mọ ibi tí àpá wà lórí rẹ̀! Ó mú ọ̀kan, ó dá a padà. Ó mú èkejì. Ó di ojú, ó wá imú ìyàwó rẹ̀ títí, kò rí i. Aṣọ rẹ̀ ló rí, àti ọwọ́ tútù rẹ̀ tó máa ń nù mọ́ ara aṣọ náà. Ojú ọ̀hún ò wá.

"Bàbá, èwo ni?"

"Mi ò... mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbọ́ tó ń wọ́ àga nílẹ̀. Nígbà tó máa jáde, eruku ti bo apá rẹ̀, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?" Ìyá Aláṣọ bi í. "Ọgbẹ́ tó ti ń jinná..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò jinná. Aṣọ la kàn fi bò ó."

Ó fa àwòrán kan yọ, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó gbé e fún Kékeré. Obìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nínú àwòrán náà, tó ń rẹ́rìn-ín.

Kékeré wò ó. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ta nìyí?"

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tó jẹ́ pé àyà obìnrin yìí ló fi ń ṣe ìrọ̀rí, òun ló ń béèrè pé ta ni.

"Yéè, mo gbé!" Ìyá Aláṣọ bú sẹ́kún. "Ẹkún ni mo ní kí wọ́n gbàgbé o. Mi ò ní kí wọ́n gbàgbé ìyá wọn!"

Kékeré ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ti gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Àgbà, ó ń wo ti ibí, ó ń wo ti ọ̀hún. "Ẹ wò ó! Ó jọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́ ni!"

"Kò ní ṣe kó má jọ ọ́," Ìyá Aláṣọ sọ láàárín ẹkún. "Bọ́mọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá."

Bàbá yíjú sí Àgbà. Ọmọ náà bojú wolẹ̀ kíá, bó ti mọ́ ọn lára. Bàbá fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, bó ti máa ń ṣe fún oníbàárà tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n. Imú náà nìyẹn. Ẹnu tó máa ń kọ́kọ́ ká sápá kan kó tó rẹ́rìn-ín náà nìyẹn. Ojú tó ń sá fún láti ọdún mẹ́ta, inú ilé rẹ̀ ló wà, òun ló ń gbé oúnjẹ fún un lójoojúmọ́.

"Bàbá," ni Àgbà wí, "mo rò pé mo ṣẹ̀ yín ni."

"Rárá o. O ò ṣẹ̀ mí rí, ọmọ mi." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Dákun, má bojú wolẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí n wò ọ́."

Kékeré ti ṣí imú obìnrin ọlọ́ṣẹ kúrò lára páálí, ó ti mú ìwé mìíràn àti àlùmọ́gàjí.

"Bàbá, ṣé kí n gé imú Màmá báyìí?"

"Rọra," ni bàbá rẹ̀ wí, kò gbójú kúrò lára Àgbà. "Kọ́kọ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa."